Ọjọ́ tí Iná Lọ Mọ́ Àbúrò Mi Lórí Ẹ̀rọ

Ọjọ́ tí iná lọ ní ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́bàá Agbonou, nísàlẹ̀ òkè Atakpamé, ni n kò lè gbàgbé láyé mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀rọ ni àbúrò mi, Afi, fi ń mí. Lójijì, ẹ̀rọ dákẹ́. Ètè Afi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Nọ́ọ̀sì sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀, àṣé kò sí epo nínú rẹ̀.

Ìyá wa figbe bọnu: “Nàìjíríà tó ń ta iná fún orílẹ̀-èdè wa níbí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wa epo, ọmọ mi wá fẹ́ kú nítorí iná!”

Onísémíjàn, ọlọ́kadà tó fi alùpùpù gbé wa wá, sáré jáde. Ó rọ gbogbo epo inú alùpùpù rẹ̀ sínú jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ dún, Afi sì mí kanlẹ̀.

Títí dòní, bí iná bá dé tí gbogbo ilé hó yèè, ọkùnrin náà tó ń ti alùpùpù rẹ̀ tí kò ní epo mọ́ gun òkè lọ sí Atakpamé ni mo máa ń rí lójú ọkàn mi.