Ìdérí Ọkọ̀ Tí Ó Há Lágbàlá Wa

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, ní ọjọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́, aago mẹ́wàá àárọ̀ ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Àkókò yẹn dá mi lójú, nítorí aago ògiri ni mò ń wò: àwọn ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀ wá pè mí ní aago mọ́kànlá kí a jọ lọ gbafẹ́ ní Zoo Road. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ máa ń bi mí ohun tí ọkọ̀ ojú omi ń wá lágbàlá ilé kan ní Sabon Gari, ìdáhùn rẹ̀ nìyí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ló kàn án. Ìlú olómi ni ó gbé dàgbà, ó wá ń bá wa gbé lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú. Ó ní òun yóò kan ọkọ̀ onípákó, òun yóò fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e lọ sí adágún Tiga, òun yóò sì padà sídìí ẹja pípa. Ìyá kan tí yàrá rẹ̀ kángun sí tiwa máa ń bi í pé, "Bàbá, ṣé inú kànga wa lẹ máa tì í sí ni?" Òun náà á ní kò burú, òun á kọ́kọ́ fi ìyá náà dán kànga wò.

Káfíńtà kan láti Hotoro ló ń ràn án lọ́wọ́, àgbàlagbà Hausa kan tí gbogbo wa ń pè ní Málàmù. Hausa tí Bàbá gbọ́ kò ju "sannu" lọ, Málàmù kò sì gbọ́ Yorùbá rárá. Èmi ni mò ń túmọ̀ fún wọn. Hausa mi dán ju Yorùbá mi lọ nígbà náà, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ìyẹn ṣe àwáwí. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló yé mi.

Wọ́n ti gé ihò onígun mẹ́rin kan sójú pákó òkè ọkọ̀ náà, tí èèyàn yóò máa gbà kó àwọ̀n àti okùn sí ìsàlẹ̀. Wọ́n ti kan férémù yí i ká, ìdérí nìkan ló kù kí iṣẹ́ Málàmù lọ́dọ̀ wa parí. Bàbá fá ìdérí náà títí ó fi wọ inú férémù ṣinṣin, tí abẹ́rẹ́ kò lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Inú rẹ̀ dùn. Málàmù fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀, ó mi orí. Ó ní kí n sọ fún Bàbá pé ọyẹ́ ti fa omi inú igi náà gbẹ, pé bí òjò bá dé, yóò wú. Kí wọ́n fá ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, títí ojú ayùn yóò fi lè wọ àárín. Ní ìlú Bàbá, igi kì í gbẹ tó bẹ́ẹ̀. Kò sí bí ó ṣe máa mọ̀.

Mo wo aago. Bàbá kì í ṣe iṣẹ́ wàràwàrà, bí ó bá tún mú ìfági, ìrọ̀lẹ́ ni yóò bá mi lórí ìdúró.

Mo ní, "Bàbá, ó ní ó dára bẹ́ẹ̀."

Mo yíjú sí Málàmù, mo ní Bàbá ti gbọ́, òun yóò fá a fúnra rẹ̀ lọ́la. Mo sì lọ sí Zoo Road. Mi ò rántí ohun tí a ṣe níbẹ̀.

Òjò bíi mẹ́ta ti rọ̀ kí ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù máa wá gbé e tó pé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Bàbá fẹ́ kó àwọ̀n sí ìsàlẹ̀, ìdérí kò ṣí. Bàbá ki irin bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Igun férémù ya, pákó òkè là gbọọrọ, ìdérí kò kúrò. Ọkọ̀ tí òkè rẹ̀ ti là kò ṣeé gbé lọ sómi mọ́, awakọ̀ akẹ́rù bá padà lófìfo. Bàbá ránṣẹ́ pe Málàmù, ó sì ní kí n wí fún un pé àgbàlagbà kì í rí kòtò kó dákẹ́ fún ẹnìkejì rẹ̀. Mo túmọ̀ ìyẹn láìfi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Málàmù kò wo Bàbá. Èmi ló wò. "Yarinya, na gaya miki, ko?" Ìwọ ọmọbìnrin yìí, mo ti sọ fún ọ, àbí?

Bàbá bi mí pé kí ló wí.

Mo ní, "Ó ní kí ẹ má bínú."

Málàmù mú ìfági rẹ̀, ó lọ. Kò tún wọ ilé wa mọ́. Bàbá náà kò sì fọwọ́ kan ọkọ̀ náà mọ́.

Ọdún yìí, lẹ́yìn tí mo jáde yunifásítì, mo jẹ́wọ́ fún Bàbá. Ó ti gbọ́ Hausa báyìí débi pé òun fúnra rẹ̀ ló ń ná ọjà. Ó ní, "Ṣé o ti sọ fún òun náà?"

Mo lọ sí Hotoro. Fèrèsé onírin ni wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù Málàmù báyìí, kò sí ẹni tó ń fá igi ládùúgbò yẹn mọ́. Ẹnìkan ní ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé lábúlé. Ẹlòmíràn ní ó ti kú. Kò sí ẹni tó fojú rí i nínú àwọn méjèèjì, nítorí náà mi ò gba ti ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ti ní fóònù tó ń túmọ̀ èdè. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń túmọ̀ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó kéré tán, kò ní ibi tó ń kánjú lọ.

Òjò ń rọ̀ nígbà tí mo padà dé. Mo gun ọkọ̀ náà, mo fi ọwọ́ méjèèjì fa ìdérí yẹn. Kò mì.