Bí Lydia Ṣe Fi Kọ́kọ́rọ́ Ṣọ́ọ̀ṣì Sílẹ̀

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Lydia fi tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan ní Ẹ̀fọ̀n. Olùkọ́ ìṣirò ni, ẹni jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ kan, Ayọ̀kúnlé tó ń tún rédíò ṣe wá tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, ó sì bá a níbi tó ti ń dá tẹ orin kan tí kò sí nínú ìwé orin.

"Ànńtí, ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wá yín," ló wí.

Gìtá ni Ayọ̀kúnlé ń lù. Dáúdà, tó ń lu ara mọ́tò tó bá ti rún, ló ń lùlù fún un. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n fẹ́ máa ṣe, èyí tó gùn, tí ìlù rẹ̀ ń yí padà láàárín, tí kò ṣeé jó. Gbogbo ẹni tí wọ́n pè wá tẹ dùùrù ló sá. Lydia kò sá. Sátidé-Sátidé ló ń gbé dùùrù kékeré tí ṣọ́ọ̀ṣì fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ lọ sí ọgbà tí Dáúdà ti ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tó di oṣù kẹta, ìgbìmọ̀ ìjọ gbọ́ ọ, wọ́n ránṣẹ́ pè é. Bàbá Timothy ni alága.

"Lydia, ulé Olúwa ni ọwọ́ yẹn wà fún. Yan ọ̀kan."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wá gbọ́ orin náà ná, sà."

"A ò níí wá. Yan ọ̀kan."

Lydia yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá dùùrù nínú báàgì. Ó gbé e sórí tábìlì, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì jáde. Bọ́lájí ọkọ rẹ̀ tó bá a wá síbẹ̀ tẹ̀ lé e délé, ó wá bi í pé:

"Ṣé o mọ ohun tí o ṣe?"

"N ò tíì mọ̀," ni Lydia dá a lóhùn.

Dùùrù kékeré padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí Lydia, Ayọ̀kúnlé àti Dáúdà ṣeré ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkógòsì. Lydia lọ sí ilé wọn ní Ìkòrò, ó gbé dùùrù onígi ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé jáde lábẹ́ àpò kòkó. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ ju ti gìtá lọ.

"Ìtìjú lèyí!" ni Ayọ̀kúnlé pariwo. "Wọn ò bára mu rárá!"

"Dẹ okùn gìtá rẹ," ni Dáúdà wí.

Ayọ̀kúnlé bínú jáde. Nígbà tó padà dé, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó jókòó, ó ń dẹ okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìró gìtá wá wúwo bí ẹni ń kùn. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń ro Lydia, ohùn dùùrù á lọ sílẹ̀, á tún ru sókè. Dáúdà dẹ́kun kíka ìlù ní mẹ́rin-mẹ́rin, ẹsẹ̀ Lydia ló ń wò: ó lù ú lẹ́ẹ̀meje, ó mí, ó tún lù ú lẹ́ẹ̀meje. Oníbàárà Dáúdà kan tó ti ń kùn nítorí mọ́tò rẹ̀ wá jókòó tì wọ́n.

Ní àgbàlá òtẹ́ẹ̀lì ní Ìkógòsì, oòrùn ọ̀sán mú. Orin kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹnìkan kígbe: "Ẹ fún wa lórin tá a máa jó sí!" Àwọn èèyàn ń dìde lọ. Ayọ̀kúnlé wo Lydia bí ẹni tó fẹ́ dáwọ́ dúró. Iṣan ti fa Lydia lẹ́sẹ̀ òsì, omijé lé sí i lójú.

"Ẹ má dúró," ló wí fún Ayọ̀kúnlé àti Dáúdà.

Nígbà náà ló gbọ́ ohùn kan lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì. Ọmọbìnrin kan tó gbé ife dání fún àwọn àlejò ló ń kọrin láìlọ́rọ̀, ó sì ń bá ìlù náà mí gan-an. Lydia fi orí pè é pé kó sún mọ́ wọn. Ó gbé ife sílẹ̀, ó sún mọ́ wọn, ohùn rẹ̀ sì gòkè. Nǹkan bí ogún èèyàn ló kù lórí ìjókòó. Kò sí èyí tó mira títí orin fi parí.

"Kí lorúkọ rẹ?" ni Lydia bi í.

"Níkẹ́, mà."

"Sátidé, agogo mẹ́ta, ní ọgbà Dáúdà yìí ní Ẹ̀fọ̀n. Má pẹ́ o."

Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì ti ń pariwo orúkọ ọmọbìnrin náà láti inú ilé. Níkẹ́ kò tíì gbéra.