Nọ́ọ̀tì Tí Kò Jẹ́ Kí N Dọ̀bálẹ̀

Fítà ni wọ́n ń pe àwa tí à ń tún ọkọ̀ ṣe ní Kumasi. Gbogbo fítà àdúgbò wa, Asafo, ló ń fi gíríìsì lẹ nọ́ọ̀tì mọ́ ẹnu sípánà kí wọ́n tó tì í wọ ibi tí ojú kò tó. Ooru ẹ́ńjìnì á yọ́ gíríìsì, nọ́ọ̀tì á já bọ́, èpè á tẹ̀ lé e. Èmi ò gba ìyà yẹn. Fùfú ni mo ń lò, bíńtín, lẹ́nu sípánà tí mo fi iná tẹ̀ fúnra mi. N kì í kọ́ fítà kankan, ahun ni mí ní ti ọgbọ́n.

Lọ́dún 1969, mò ń fẹ́ ọmọ Alhájì kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ ní Moshie Zongo. Ohun tí Alhájì mọ̀ ni pé ọmọ òun rí mi lẹ́ẹ̀kan níbi ìsọmọlórúkọ, ó parí. Ó ní òun á wá wo ibi iṣẹ́ mi kí òun tó dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ tó wá, ọwọ́ mi wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì ọkọ̀ akérò kan. Nọ́ọ̀tì yọ̀, mo gbá a mú. Ìkúùkù tí mo di kò wá gba àlàfo ibẹ̀ jáde mọ́. Bí mo bá sì la ọwọ́, nọ́ọ̀tì á wọnú ẹ́ńjìnì lọ, a ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn Alhájì. Àna mi dé, ìdí ni mo kọ sí i!

“Ẹ káàbọ̀ o, Baba!” ni mo kígbe sínú ẹ́ńjìnì.

“Subuhanallahi! Ṣé ìdí ni wọ́n fi ń kí àgbà nílé yín?”

Inú bí mi sí nọ́ọ̀tì yẹn! Ẹ̀rù sì bà mí gan-an, torí mo fẹ́ràn ọmọ náà dọ́kàn. Alhájì ti yí padà, ó ń lọ.

“Baba, mepa wo kyɛw, ẹ dúró ná!” Ọmọ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá ló ń bẹ̀ ẹ́. Ó bu fùfú bíńtín nínú abọ́ oúnjẹ mi, ó fa sípánà títẹ̀ mìíràn yọ nínú àpótí, ó lẹ fùfú mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì tì í wọlé láti abẹ́ ọkọ̀.

“La ìka díẹ̀. Ó tó.” Ó gba nọ́ọ̀tì lọ́wọ́ mi, ó sì dè é.

Ọwọ́ mi jáde. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ọ́ìlì tó dà sílẹ̀, àyà, ikùn, irùngbọ̀n. Alhájì kò wò mí. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

“Níbo lo ti kọ́ ìyẹn?”

Ọmọ ń nu fùfú kúrò lẹ́nu sípánà.

“Gbogbo tòmátò tó o ní ò ń lọ rà ní Asafo...” Ó mí kanlẹ̀, ó wá kọjú sí mi. “Dìde, jàre. Sọ fáwọn ẹbí ẹ kí wọ́n wá lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí, kí n tó tún bá ọmọ mi lábẹ́ ọkọ̀.”