Ìrun Tí Mi Ò Fi Sílẹ̀

Ìyá ọkọ mi ń ṣọ́ mi nítorí ìrun!

Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń ká ẹní lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo rí wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó, láti ìgbà ààwẹ̀ tí mo ti wà lọ́dọ̀ yín, o ò fi ìrun sílẹ̀ rí. Ṣé oyún ni?"

"Rárá o, Màmá."

"Àbí o ń ṣe nǹkan oṣù, o sì tún ń kírun, ohun tí ẹ̀sìn wa kọ̀?"

Haba! Dókítà ní ẹyin inú mi kì í jáde déédéé, ìdí nìyẹn tí nǹkan oṣù mi kì í fi í wá. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀.

Mo ti ọjà Tunga dé lọ́sàn-án, mo bá Màmá tí wọ́n ń tú ike ìdọ̀tí wa wò. Pádì ni wọ́n ń wá!

Ẹ̀yin obìnrin, ṣé kí n wá pa ìrun Ọlọ́run jẹ kí ọkàn ìyá ọkọ lè balẹ̀ ni?