Pákó Tí Omi Gbé Wá

Ní Ayétòrò wa níbí, bí ẹ bá fẹ́ kí inú bí Kọ́lájọ káfíńtà, ẹ gbé agolo ọ̀dà wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá kun igi tó dára ní ọ̀dà dà bí ẹni tó bu gàrí bo ẹja mọ́lẹ̀. Tirẹ̀ ni kó fi sáńdípépà ha igi, láti orí èyí tó rí gbàgì dé orí èyí tó kúnná, kó wá fi fáníìṣì pa á, kí ìlà tí Ọlọ́run fà sínú igi jáde fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ afárá onípákó kan náà la jọ ń gbé, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni òkun ti lé wa kúrò nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà yìí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Olówòkéré apẹja lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Kọ́lájọ la pákó ìrókò kan sí méjì bí ẹni la obì. Ó fi apá kan ṣe àga gbọọrọ fún Fẹ́yìsetán, ìyá Rejoice, tí í ṣe ìyàwó Olówòkéré. Ó fi apá kejì pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ Olówòkéré tó ti jẹrà. Kókó kan wà níbi tó ti la ìrókò náà, ó hàn lára apá méjèèjì, ìlà pupa sì yí i po, bí omi ṣe ń yí òpó ilé po. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí Olówòkéré fi kun ọkọ̀ náà ní búlúù láti orí dé ìdí, bí gbogbo apẹja ṣe ń ṣe. Oṣù méjì gbáko ni Kọ́lájọ ò fi kí i. Àgbàlagbà méjì, igi ni wọ́n ń jà lé lórí.

Lóṣù kẹjọ ọdún yìí, Olówòkéré wa ọkọ̀ sójú òkun, ìjì sì jà. Wọ́n wá a dé Ode Ugbo, wọn ò rí i. Lọ́jọ́ kọkànlá, omi gbé àfọ́kù pákó kan wá sétí òkun. Búlúù ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mélòó ni kì í ṣe búlúù lọ́dọ̀ wa? Kingsley, àbúrò Olówòkéré, ní ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ti fọ́ nìyẹn, kí ẹbí bẹ̀rẹ̀ ètò ìdágbére. Fẹ́yìsetán ní irọ́ ni. Ó ní àwọn kan ti pẹ́ jù báyìí lọ lójú òkun rí, tí wọ́n sì wálé.

Ni obìnrin náà bá gbé pákó náà wá fún Kọ́lájọ, Kingsley gbé àga gbọọrọ tẹ̀lé e. Fẹ́yìsetán ní kí Kọ́lájọ ha ọ̀dà kúrò lára pákó náà. Bí ìlà inú rẹ̀ bá bá ti àga mu, òun á gbà pé ọkọ òun ti kú. Bí kò bá bá a mu, kí ẹnikẹ́ni má pe òun ní opó mọ́.

Kọ́lájọ fi omi òjò fọ iyọ̀ òkun kúrò lára pákó náà, ó sì sá a sábẹ́ òrùlé fún ọjọ́ mẹ́ta, nítorí sáńdípépà kì í ṣiṣẹ́ lára igi tútù. Fún ọjọ́ mẹ́ta yẹn, Fẹ́yìsetán ò fi oúnjẹ kan ẹnu. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, kí n má parọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, Kọ́lájọ bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Búlúù ṣí kúrò, eruku bo irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ha á dé ìdajì, kò sí kókó kankan níbẹ̀. Fẹ́yìsetán mí kanlẹ̀. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ṣé a ti rí i báyìí.

Kọ́lájọ mú sáńdípépà tó kúnná. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé etí pákó, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà, mo rí kókó náà, mo rí ìlà pupa tó yí i po. Ó yára fi ọwọ́ òsì bò ó mọ́lẹ̀, ó wá ń fi ọwọ́ ọ̀tún ha ibi tó ti ha tẹ́lẹ̀. Ó ha á, ó tún un ha. Igi náà ti ń fẹ́lẹ́. Ó yé mi pé níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì ń lọ tó ń bọ̀, Olówòkéré ò tíì kú.

Fẹ́yìsetán rí i pé ọwọ́ òsì ò kúrò lójú kan. Ó dìde.

"Bọ̀dá Kọ́lájọ, ó tó. Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò lára ugi náà."

Kọ́lájọ gbé e kúrò. Obìnrin náà fi omi pa ojú ibẹ̀, ìlà náà pọ́n yòò. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ pákó náà, ó tọ́ ìlà kan láti ara èyí dé ara ìkejì, bí wọ́n ṣe rí lọ́jọ́ tí Kọ́lájọ là wọ́n. Ó jókòó sórí àga náà, ó sunkún. Kingsley tó ti ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ náà sunkún.

Kọ́lájọ bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá kí òun fi fáníìṣì pa á fún un, kó lè gbé e kọ́ sára ògiri ilé.

"Ẹ kùn ún ní búlúù," ni Fẹ́yìsetán wí. "Bẹ́ẹ̀ ni bàbá Rejoice fẹ́ ẹ."

Kọ́lájọ ò jiyàn. Ó yá ọkọ̀ mi, ó wà á lọ ra ọ̀dà fúnra rẹ̀. Nígbà tó dé, ó kun igi tó dára jù lọ tó tíì ha rí ní búlúù, láti orí dé ìdí.