Ohùn Délọ́lá Ni, Orúkọ Rẹ̀ Dà?

Délọ́lá kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà ọdún 2008 yìí. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi pé Ọlọ́run ló fún wa, Ọlọ́run náà ló sì gbà á, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka ohun tó bàjẹ́, ká sì ka àwọn tó mọ̀.

Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2006. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin Ìjọ Orísun Ayọ̀ ní Largo, ní Amẹ́ríkà níbí, ló gbọ́ ọ: ogún ènìyàn, ogójì etí. Ní oṣù kẹwàá, ó mú ìwé dókítà wá pé kí ó má kọrin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n lè yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò dáadáa. Ìyáàfin Oyèníkẹ́, alága ẹgbẹ́ akọrin, gba ìwé náà, ó kà á, ó fi há inú Bíbélì. Pásítọ̀ Adékúnlé gbọ́ nínú ọ̀sẹ̀ kan náà. Wọ́n ní kí ìkórè kọjá. Ìkórè kọjá, wọ́n ní kí àìsùn ọdún tuntun kọjá. Ìyẹn náà kọjá, wọ́n ní kí a gba orin sílẹ̀ tán ní sítúdíò ní oṣù kejì. A gbà á tán, wọ́n ní ó ku orin Àjíǹde. Èmi tí mò ń kọ èyí ni mo ṣètò orin Àjíǹde yẹn. Mo tẹ tíkẹ́ẹ̀tì, mo háyà gbọ̀ngàn, mo fi orúkọ rẹ̀ sí òkè ìwé ètò, n kò sì béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ọ̀fun rẹ̀ ti rí. Ẹ kọ orúkọ tèmi náà mọ́ tiwọn.

Oṣù karùn-ún ọdún 2007 ni dókítà tó rí ọ̀fun náà. Jẹjẹrẹ ni. Ó sọ fún Jesse, ọkọ rẹ̀, pé ká ní wọ́n ti gbé e wá ní oṣù kẹwàá ni, iṣẹ́ kékeré ni ì bá jẹ́. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n gé ibi tí ohùn ti ń jáde kúrò pátápátá. Ní oṣù kọkànlá, àwo orin ìjọ jáde. Orin mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, Délọ́lá ló ṣíwájú nínú mẹ́fà. Ẹ yí páálí rẹ̀ síwájú, ẹ yí i sẹ́yìn: orúkọ rẹ̀ kò sí níbì kankan.

Kí la wá ṣe fún un ní gbogbo oṣù méje tí ọ̀fun yẹn ń jẹrà? A fún un ní orógbó.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ṣe é. Ohun tí akọrin wa ń jẹ nìyẹn bí ohùn bá há: orógbó, oyin, omi gbígbóná. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà dé á mú orógbó wá. Ẹni tí kò lọ síbì kankan á ra orógbó ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn ìsìn, wọn á máa já a sí i lọ́wọ́, wọn á ní, "Sísítà wa, ẹ máa jẹ ẹ́ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́," olúkúlùkù á sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀ pé òun ti tọ́jú aláìsàn. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìkan ni ẹnikẹ́ni kò rí mú wá fún un. Nígbà tí Jesse ń palẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, àpò orógbó mẹ́ta ló bá lábẹ́ àga. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, kò mọ̀ ọ́n. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní kí ni nǹkan yìí. Mo ní, "Ìfẹ́ ni." Bí mo ti sọ ọ́ tán ni ojú tì mí.

Ṣé ẹ tilẹ̀ mọ ẹni tí ẹ ń fún ní orógbó? Ọ̀pọ̀ yín rò pé ọmọ òyìnbó kan lásán ni, tó ṣèèṣì mọ orin ìyìn kọ. Rotterdam ni wọ́n bí Délọ́lá sí. Tàjùdéèn, bàbá rẹ̀, atukọ̀ ojú omi láti Ìsàlẹ̀ Èkó ni. Ìyá rẹ̀, ọmọ Họ́láńdì, ń ta búrẹ́dì nítòsí èbúté. Yorùbá tí ẹ fi ń ṣe ẹlẹ́yà lẹ́nu rẹ̀, Yorùbá atukọ̀ ni. Inú kíṣìnì bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ: ó yá lẹ́nu, ó le, èébú inú rẹ̀ sì pé ju ti ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Ìbàdàn lọ. Mo gbọ́ ọ ní ọjọ́ kan tó ń sọ fún àwọn tẹ́nọ̀ pé, "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ̀ ń kọrin bí ẹni tí wọ́n jí aṣọ rẹ̀ lódò." Orin náà tọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó wọ ẹgbẹ́ ọlọ́mọge mẹ́ta kan tí wọ́n ń pè ní Kade Drie, orúkọ èbúté kan. Bàtà funfun kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wọ̀, wọ́n kọrin láti Rotterdam dé Groningen, ní ọjà, ní pápá, lórí ọkọ̀ ojú omi. Délọ́lá ló ń kọ ìlàjì orin. Nínú fọ́tò, etí ni wọ́n máa ń tì í sí, kí ọmọge onírun pupa lè wà láàárín. Ọdún mẹ́fà nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló wọ ẹgbẹ́ orin ijó kan. Níbẹ̀, wọn kò tilẹ̀ tì í sí etí mọ́, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú fọ́tò ni. Òun ló ń kọrin ní sítúdíò, ọmọge kan tí ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń la ẹnu lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó lọ bá mánẹ́jà, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sí ẹ̀yìn àwo ó kéré tán. Mánẹ́jà ní, "Òwò nìyí, má bínú." Ó bínú. Ó kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Ní ọdún 1991 ló ṣe àwo tirẹ̀. Ojú rẹ̀ wà níwájú páálí, orúkọ rẹ̀ wà lókè, gàdàgbà. Ọ̀kan nínú orin náà wọ rẹ́dìò, gbogbo Họ́láńdì mọ̀ ọ́n fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan. Bàbá rẹ̀ gbé páálí náà kọ́ ara ògiri, bí àwọn atukọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wọlé, á ní kí wọ́n kọ́kọ́ kí i kí wọ́n tó kí òun. Àwo kejì kò tà, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo já a sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ orin ti rí, kò bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Ó fẹ́ Jesse, ó bí ọmọ kan, wọ́n kó wá sí Forestville. Ní ọdún 1999, ó wọlé sí Orísun Ayọ̀, ó bá ogún ènìyàn tó ń pariwo pọ̀ sí ohùn kan. Ó pín wọn sí ohùn mẹ́rin. Ọdún méje ló fi kọ́ wọn, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tó ti fi gbogbo ọ̀sán jókòó sídìí fóònù ní ọ́fíìsì dókítà eyín ní New Carrollton. Bí àwọn ìjọ mìíràn bá gbọ́ ẹgbẹ́ akọrin wa, wọn á ní níbo la ti rí wọn. Àwa á gbé èjìká sókè, á ní oore-ọ̀fẹ́ ni.

Ìgbà méjì péré ni mo lọ kí i lẹ́yìn tí ohùn ti lọ. Ìwé àjákọ ló fi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwo ti jáde, ó dùn." Ó wò mí. Ó kọ ọ́ pé: "Orúkọ mi ńkọ́?" Mo ní wọ́n ní ògo ni fún Ọlọ́run nìkan. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dún, ó tún kọ ọ́: "Ní Rotterdam wọ́n ní òwò ni. Níbí wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ó dára. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n yí padà, olè kan náà ni." Ó ní kí n bá òun sọ fún wọn. Mo ní màá sọ. Mo ń wá àkókò tó wọ̀. Ó kú kí n tó rí i.

Mo rí àkókò náà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìjọ fẹ́ tún àwo náà tẹ̀ fún àjọ̀dún ọdún kẹwàá, ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́ oṣù yìí, ni atẹ̀wé yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo lọ bá Pásítọ̀ ní ọ́fíìsì. Ìyáàfin Oyèníkẹ́ wà níbẹ̀, ó ń wo páálí tuntun.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ káàsán, mà. Orúkọ Délọ́lá ni mo bá wá."

"Orúkọ wo?" Ìyáàfin Oyèníkẹ́ kò gbójú sókè. "Ṣebí a ti sin ín."

"Èyí tí kò sí lára àwo, mà."

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Sísítà, ẹ mọ ìlànà wa. Iṣẹ́ Olúwa ni. A kì í kọ orúkọ ènìyàn sí iṣẹ́ Olúwa."

"Fọ́tò yín wà níwájú rẹ̀, sà."

"Ìyẹn yàtọ̀. Èmi ni olùṣọ́ àgùntàn."

"Orúkọ ẹni tó yá wa ní makirofóònù wà lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà ilé oúnjẹ tó gbé ìrẹsì wá wà níbẹ̀. Àbí nítorí pé ìrẹsì kì í ṣe ènìyàn ni ìlànà ò fi mú un, sà?"

Ìyáàfin Oyèníkẹ́ gbé páálí sílẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, o ti lọ kàwé òwò, o wá ń fi da wá láàmú. Ṣé orúkọ ẹ̀yìn sídì ni yóò gbé Délọ́lá wọ ọ̀run ni?"

"Rárá, mà. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò tí ì lọ sọ́run. Forestville ló wà."

Pásítọ̀ wo aago. "A ó gbé e yẹ̀ wò."

"Nígbà wo, sà?"

"Bí ìgbìmọ̀ bá jókòó."

"Nígbà wo ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó?"

"Lẹ́yìn àjọ̀dún."

Ẹ gbọ́ ọ? Lẹ́yìn ìkórè, lẹ́yìn àìsùn, lẹ́yìn Àjíǹde, lẹ́yìn àjọ̀dún. Obìnrin náà ti wọ ilẹ̀ tán, a ṣì ń ní kó dúró.

Ọmọ tí mo wí yẹn, Adérìnsọ́lá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní oṣù tó kọjá, tíṣà rẹ̀ ní kí olúkúlùkù mú nǹkan kan wá sí kíláàsì tí ará ilé rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ọ̀kan mú aṣọ tí ìyá àgbà rẹ̀ rán. Adérìnsọ́lá mú àwo ìjọ wa ti Largo. Àwo ọdún 1991 wà nílé, ṣùgbọ́n èdè Họ́láńdì ni, ọmọ náà kò gbọ́ ọ, wọn kò sì ní ẹ̀rọ tó lè lù ú mọ́. Àwo Largo yìí nìkan ni ibi tó ti lè gbọ́ ìyá rẹ̀, òun náà ló sì gba ohùn yẹn sílẹ̀ kẹ́yìn kí wọ́n tó gé e. Tíṣà fi orin kẹta sí i. Ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n pè é bẹ́ẹ̀, ní, "Màmá mi nìyẹn." Tíṣà yí páálí padà láti ka orúkọ náà sókè. Ó ka Pásítọ̀. Ó ka oní-makirofóònù. Ó ka ilé oúnjẹ. Ó wá bi í jẹ́jẹ́ pé, "Màmá ẹ dà nínú àwọn wọ̀nyí?"

Ó ròyìn rẹ̀ fún mi lórí àga iwájú ọkọ̀ bàbá rẹ̀, kò sunkún. Ó kàn ní, "Àǹtí, wọ́n rò pé mò ń parọ́."

Ta ló sọ ọmọ yẹn di òpùrọ́? Kì í ṣe Rotterdam. Kì í ṣe mánẹ́jà oníwọra kan tí kò mọ Ọlọ́run. Àwa tí a ń jókòó sí ìjókòó iwájú ni. A mọ bí a ṣe ń kọ orúkọ: ẹ wo ara àga, ẹ wo ara fèrèsé, ẹ wo ara páìpù omi tí Ẹgbẹ́ Àwọn Bàbá fi tọrẹ. Ìrẹ̀lẹ̀ wa kò mọ ilé ẹlòmíràn, ilé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nìkan ló mọ̀. Bí wọ́n bá ṣe é fún yín ní ibi iṣẹ́, kí wọ́n gba iṣẹ́ yín, kí ọ̀gá fi orúkọ tirẹ̀ sí i, ẹ ó ti pe lọ́yà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe é nínú ilé Ọlọ́run, ẹ ó ní àmín.

N kò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ohun tí mo ń béèrè nìyí. Kí orúkọ Délọ́lá wà níwájú páálí tuntun, kí ó sì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ṣíwájú nínú wọn. Kí Pásítọ̀ Adékúnlé àti Ìyáàfin Oyèníkẹ́ fọwọ́ sí lẹ́tà kan sí Adérìnsọ́lá, tó sọ pé ìyá rẹ̀ ló kọ ọ́, tó sì sọ ẹni tó gba ìwé dókítà tí kò sì fún un láyè. Èmi náà yóò fọwọ́ sí i, nísàlẹ̀, nítorí orin Àjíǹde. Kí a sì kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ akọrin pé ẹni tí dókítà bá ní kó dákẹ́, yóò dákẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ìkórè ì báà wà lọ́la.

Kí páálí tí a ti tún ṣe àti lẹ́tà tí a ti fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹwàá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, màá fi èyí tí ẹ kà tán yìí ránṣẹ́ sí gbogbo ìjọ Yorùbá tó wà ní agbègbè Prince George's yìí, pẹ̀lú ìwé dókítà náà. Jesse ní ẹ̀dà rẹ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo wí. Aago márùn-ún ti Amẹ́ríkà, kì í ṣe tiwa.