Bàtà Ọwọ́ Bàbá Fúláwà

Bàbá Fúláwà kì í wọ bàtà jáde nílé, ọwọ́ ló máa ń fi gbé e dání! Bó o bá rí i ní ìdájí, tó ń yọ́ rìn bí ológbò, wàá ní olè ni. Búrẹ́dì ló ń ṣe, ọdún kejìlá rèé. Aago márùn-ún àárọ̀ ni fúláwà gbọ́dọ̀ kan omi. Kò fẹ́ jí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló ṣe ń yọ́.

Àmọ́ ọmọ ọ̀hún kì í kúkú sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń jí lóru. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ní Ọ̀gá Máígádì, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín, títí di ọjọ́ tí oorun gbé e ní kíláàsì, tó já bọ́ látorí bẹ́ǹṣì, tí ètè rẹ̀ sì là.

"Màá fi iṣẹ́ búrẹ́dì sílẹ̀," ni Bàbá Fúláwà wí.

"Kí la ó wá máa jẹ, bàbá ọmọ mi? Bàtà?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó mú ìyẹ̀fun pípò díẹ̀ wálé fọ́mọ láti fi ṣeré. Bó ti ń mọ ọ́n ní róbótó ni bàbá bi í pé, "Ìyá mi, kí ló ń jí ẹ?"

Ọmọ ò gbójú sókè. "Mò ń ṣọ́ yín ni. Bí mo bá ti sùn, ẹ máa ń sá lọ."

"Èmi? Sá kẹ̀?"

"Ẹ kì í wọ bàtà."

Há! Bàtà tó ń gbé dání torí oorun ọmọ ló ń lé oorun ọmọ lọ!

Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n gé oorun ọ̀sán rẹ̀ kúrú. Bó bá di aago méje alẹ́, bàbá á wẹ̀ ẹ́, á pa ìtàn kan náà fún un lálaalẹ́, á fi aṣọ bo èjìká rẹ̀ bó ṣe ń bo ìyẹ̀fun kó lè wú. Á ní: "Aago mẹ́rin ni mò ń lọ. Wàá gbọ́ bàtà mi. Mọ́mì ẹ wà níbí. Bó o bá fi máa ti iléèwé dé, màá ti dé."

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, bàtà ró kò, kò, kò. "Ó dàbọ̀, Dádì." Ọmọ tún sùn. Lọ́jọ́ kẹrin, ó sunkún. Wọn ò yí ètò padà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bàtà ró dé ẹnu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò fọhùn. Bàbá padà sẹ́yìn, ó tún ilẹ̀ tẹ̀. Ó wúkọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ!" ìyàwó rẹ̀ sọ lábẹ́ aṣọ. "Ṣé ẹ fẹ́ jí i ni?"

Bàbá Fúláwà wo ọmọ tó lanu sùn fọnfọn. "Ó dàbọ̀, Dádì," ló dá ara rẹ̀ lóhùn, ó sì jáde lọ kò, kò, kò.